Àmì-Ìdánimọ̀ Nàìjíríà: Àrokò Tó Yẹ Kí Ọmọ Ilé-Ìwé Lè Túmọ̀

Nígbà tí a lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ àfidánrawò ní Jikwoyi, ní Àbújá, a gbọ́ bí àwọn ọmọ kíláàsì kan ṣe ń ka ìtumọ̀ àmì-ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè wa, èyí tí a mọ̀ sí Coat of Arms, lákọ̀ọ́sórí: asà dúdú, ilẹ̀ ọlọ́ràá, ẹyẹ idì, agbára, ẹṣin, iyì. Wọn kò ṣì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi wọ́n pé nígbà wo ni a yan àwọn nǹkan wọ̀nyí, àti pé kí ni a ń lò tẹ́lẹ̀, gbogbo kíláàsì dákẹ́. Ẹ̀bi ọmọ kọ́. Ọwọ́ àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ ni àtúnṣe rẹ̀ wà.

Kì í ṣe tuntun sí Yorùbá pé kí ohun tí a fojú rí máa sọ̀rọ̀. Àrokò ni àwọn baba ńlá wa fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Owó ẹyọ méjì tí a so tí wọ́n kọjú síra ń sọ ti ìrẹ́pọ̀; bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ẹni tó bá gba àrokò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ kí ó tó lè túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì ìjọba.

Àwọn amúnisìn ló kọ́kọ́ pa irú àrokò yìí fún wa. Àmì tí Gẹ̀ẹ́sì fún Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ erin àti igi ọ̀pẹ. Àwòrán kan náà ni wọ́n fún Gold Coast, Gambia àti Sierra Leone; lẹ́tà orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Lẹ́yìn ìdàpọ̀ ọdún 1914, ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé onígun mẹ́fà, tí adé ọba Gẹ̀ẹ́sì wà láàárín rẹ̀, ni wọ́n fún Nàìjíríà. Jámánì pẹ̀lú gbèrò irú rẹ̀. Ní ọdún 1914 kan náà, Wilhelm Solf, tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso, ṣètò àmì fún Tógò: igi ọ̀pẹ àti ejò méjì. Ogun bẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè lò ó. Nínú gbogbo èyí, a kò bi onílẹ̀ léèrè.

Ọdún 1960, ọdún òmìnira, ni àmì tí à ń lò báyìí dé. Lára asà rẹ̀ ni odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pàdé ní Lọ́kọ́ja. Asà àti ẹranko tó dì í mú jẹ́ àṣà ilẹ̀ Yúróòpù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹṣin kì í ṣe àjèjì sí wa: ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi jagun, òun náà ni àwọn ìlú Òkè Ọya fi jagun. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ‘Ìṣọ̀kan àti Ìgbàgbọ́’. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí ni a fi ‘Àlàáfíà àti Ìlọsíwájú’ kún un. Èyí fi hàn pé a lè tún àmì orílẹ̀-èdè ṣe.

Òdòdó ẹsẹ̀ rẹ̀, Costus spectabilis, tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Àwọ̀ ìyeyè ni òdòdó gidi ní, ṣùgbọ́n pupa ni a kùn ún nínú ọ̀pọ̀ àwòrán àtijọ́. Ọmọ tó bá fi àwòrán wé òdòdó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òpìtàn nìyẹn.

Nítorí náà, a dábàá nǹkan mẹ́ta fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Kí olùkọ́ fi àmì àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí han ọmọ pa pọ̀. Kí ó bi wọ́n léèrè ẹni tó yàn án àti ìdí tó fi yàn án. Kí ó sì jẹ́ kí wọ́n dáhùn ní èdè ilé wọn. Ní Jikwoyi, ọmọ Gbagyi, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bí a bá fẹ́ kí ‘Ìṣọ̀kan’ ju ọ̀rọ̀ àkọ́sórí lọ fún wọn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń túmọ̀ àrokò náà.