Kíkó kúrò ní Èkó lọ sí Ògùn: owó ilé lè dín kù, owó orí ńkọ́?

Ẹni tó bá dúró ní Berger láàárọ̀ ọjọ́ Ajé á rí bí ọkọ̀ ṣe ń kó èrò wọ Èkó láti Mowe, Ibafo, Magboro àti Arepo. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo wọn wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Akute wà lábẹ́ Ìfọ̀, Sángo sì wà lábẹ́ Adó-Odò/Ọ̀tà. Èkó ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ owó ilé ló lé wọn dé ọ̀hún.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn máa ń ṣì gbọ́. Wọ́n á ní owó orí Ògùn kéré sí ti Èkó. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń gbowó oṣù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló ń sọ iye tí wọ́n máa yọ, bákan náà ló sì rí ní ìpínlẹ̀ méjèèjì. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà.

Ẹni tó máa gba owó náà ló ń yí padà. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Tí ẹ bá kó, ẹ sọ fún ibi iṣẹ́ yín kí wọ́n pààrọ̀ àdírẹ́sì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Èkó lowó yín á máa lọ, bẹ́ẹ̀ Ògùn ló ni kòtò tó wà níwájú ilé yín.

Owó orí tiẹ̀ lè lé díẹ̀. Òfin tuntun yìí fún ayálégbé ní ẹ̀dínwó: wọ́n máa yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan kúrò, kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Tí owó ilé bá ti kéré, ẹ̀dínwó náà á kéré.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ń gba ₦2,400,000 lọ́dún, ó sì ń san ₦1,000,000 fún ilé l'Ékòó. Ó wá kó lọ sí Ibafo, ó ń san ₦400,000. Ó ti rí ₦600,000 fi pamọ́. Ẹ̀dínwó rẹ̀ já wálẹ̀ láti ₦200,000 sí ₦80,000, owó orí rẹ̀ á sì fi ₦18,000 lé sí i. Ìyẹn ò le jù. Owó ọkọ̀ gan-an ni wàhálà. Tó bá ń ná ₦2,000 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójúmọ́, fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, ₦44,000 nìyẹn. Lọ́dún, ó di ₦528,000. ₦54,000 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, a ò sì tíì ka wákàtí tó ń lò nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Ẹ fi iye tiyín sí i kẹ́ ẹ wò ó. Ẹni tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló máa jèrè jù.

Àwọn tó wà lápá Agbádó rí ìrọ̀rùn díẹ̀, torí reluwé Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní October 2024 ń gba Ìkẹjà àti Yábàá dé Oyíngbò.

Òfin ayálégbé tí Èkó ṣe ní 2011, tó ní onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kò kọjá ẹnubodè. Ẹ ka àgírímẹ́ǹtì yín dáadáa. Ètò ìlera tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó náà, àwọn tó ń gbé l'Ékòó ló wà fún.

Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, Abẹ́òkúta ni kó ti lọ wádìí, kì í ṣe Aláùsá. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978, gómìnà ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ wà ló ń fọwọ́ sí C of O. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe C of O. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ wádìí bóyá ìjọba ò tíì gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ tirẹ̀.