Rẹ́jísítà Páríṣì

Páríṣì ni ilẹ̀ àti àwọn ènìyàn tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ń bójú tó. Ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jẹ́ abúlé kan pẹ̀lú àwọn oko tó yí i ká. Rẹ́jísítà páríṣì ni ìwé tí àlùfáà ibẹ̀ ń kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí.

Ní ọdún 1538 ni Thomas Cromwell, òṣìṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí gbogbo páríṣì ní irú ìwé yìí. Láti 1598, awọ ni wọ́n ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sí, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì máa lọ sọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. Níbi tí ìwé gan-an bá ti sọnù, ẹ̀dà yẹn ni olùwádìí ìdílé ń gbójú lé.

Kí òǹkàwé ṣọ́ra: ọjọ́ ìrìbọmi kì í ṣe ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìsìnkú kì í sì í ṣe ọjọ́ ikú. Láti 1813, wọ́n ń lo fọ́ọ̀mù títẹ̀; ti ìrìbọmi béèrè iṣẹ́ bàbá ọmọ àti ibi tó ń gbé.

Ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Keje 1837. Kó tó dìgbà náà, ọ̀pọ̀ alágbàṣe oko tí kò ní ilẹ̀, tí kò sì fi ìwé ìhágún sílẹ̀, inú rẹ́jísítà nìkan ni orúkọ wọn wà. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká tọ́jú rẹ̀ gidigidi: ìtàn àwọn mẹ̀kúnnù ló wà níbẹ̀.