Níbi tí Rélùwéè Parí Sí: Bí Iṣẹ́ Awakọ̀ Ẹrù Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Wa

 

Bóyá ọmọ yín kan ti wá bá yín ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí ó ní: «Bàbá, iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá ni mo fẹ́ ṣe.» Ẹ wo ojú ọmọ. Ẹ ranti oko tí ẹ rò pé yóò jogún. Kí ẹ tó dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí á sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti wá.

Kí ọkọ̀ tó dé, orí ènìyàn ni ọkọ̀. Epo, èkùrọ́, iyọ̀ àti aṣọ, orí ni a fi ń rù wọ́n láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí àwọn Faransé gba ilẹ̀ Dàhòmì, wọ́n fi agbára mú àwọn ènìyàn wa láti ru ẹrù wọn àti láti la ọ̀nà fún wọn. A kì í bi ọkùnrin léèrè bí ó bá fẹ́. Òfin tí ó fi òpin sí iṣẹ́ ipá náà kò jáde títí di 1946. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà bá ń yin ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ojú wọn rí, kì í ṣe ariwo ẹ́ńjìnì nìkan ni ó wù wọ́n. Ọrùn wọn ni ó sinmi.

Rélùwéè ni ó ṣáájú. Ní 1900 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to irin rẹ̀ láti Kútọnu. Ó dé Ṣábẹ̀ ní 1911. Ó di 1936 kí ó tó dé Pàràkú. Láti Kútọnu dé ibẹ̀ jẹ́ kìlómítà 438. Wọ́n ní yóò kọjá lọ sí odò Ọya, yóò sì wọ ilẹ̀ Nìjẹ̀. Kò kọjá. Pàràkú ni irin náà dúró sí.

Ẹ fi ọkàn sí èyí, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa. Nìjẹ̀ kò ní òkun. Bí ẹ̀pà rẹ̀ yóò bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Kútọnu, ó ní láti kọ́kọ́ dé Kútọnu. Iyọ̀, símẹ́ńtì àti epo mọ́tò pẹ̀lú ní láti gòkè lọ. Láti Pàràkú dé Malanville létí odò Ọya tó bíi 300 kìlómítà. Ta ni yóò gbé ẹrù náà? Níbi tí rélùwéè parí sí, ibẹ̀ ni awakọ̀ ẹrù ti rí oúnjẹ.

Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀pà Nìjẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀nà wa lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn Faransé sọ iṣẹ́ náà ní «Opération Hirondelle». Hirondelle ni ẹyẹ tí àwa ń pè ní alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ní 1958 afárá so Malanville pọ̀ mọ́ Gaya ní òdìkejì odò. Ní 1959 Dàhòmì àti Nìjẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, OCDN, láti bójú tó rélùwéè àti ọ̀nà ẹrù náà. Ní 1965 èbúté ńlá Kútọnu ṣí. Ní 1971 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wa uranium ní Arlit, ní àríwá Nìjẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ọkọ̀ ń gbé e gba inú aṣálẹ̀ wá sí Pàràkú nígbà náà. Ẹ rí i pé gbogbo wọn ń wá awakọ̀.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń di awakọ̀ nígbà náà? Kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan. Bàbá á mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, á kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, á sì fi ọmọ sílẹ̀. Ọmọ di ọmọṣẹ́, èyí tí Faransé ń pè ní apprenti. Kì í gba owó oṣù. Oúnjẹ ni ó ń jẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá, orí ẹrù tàbí abẹ́ ọkọ̀ ni ó sì ń sùn, kí olè má bàa tú tapólì.

Iṣẹ́ ọmọṣẹ́ kò kéré. Lára ọkọ̀ àtijọ́, irin gígùn kan tí a ń pè ní manivelle ni a fi ń jí ẹ́ńjìnì. Ọmọṣẹ́ á kì í bọ iwájú ọkọ̀, á sì fi gbogbo agbára yí i. Bí kò bá mọ bí a ti ń dì í mú, irin náà á ta padà, á ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Òun ni ó ń pọn omi sí ẹ́ńjìnì tó ń hó. Òun ni ó ń gbẹ́ táyà jáde nínú ẹrẹ̀ dúdú ti Lama, láàárín Àlàdá àti Bohicon. Bí òjò bá rọ̀ lórí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa, ìjọba á gbé igi dábùú ọ̀nà kí ọkọ̀ má bàa bà á jẹ́, gbogbo ọkọ̀ á sì dúró kí ilẹ̀ gbẹ. Ọmọṣẹ́ ni yóò wọ abúlé lọ wá oúnjẹ.

Ti igi ìdènà ni ó burú jù. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, ọmọṣẹ́ á so mọ́ ẹ̀yìn, igi ńlá á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá rẹ̀, tí ó fẹ́ yí padà, á bẹ́ sílẹ̀, á sì ki igi náà sẹ́yìn táyà. Ẹ rò ó wò: ọkọ̀ tí ẹrù kún inú rẹ̀ ń yí bọ̀ sẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sì ń sáré lọ bá a. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà sílé.

Ìwakọ̀ gan-an kì í tètè kàn án. Fífọ ọkọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá á jẹ́ kí ó yí ọkọ̀ padà nínú ọgbà. Lẹ́yìn náà, lórí ọ̀nà tí ó dá, pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo. Ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kò ní fi èyí pamọ́: ọ̀gá wà tí í fa ọdún náà gùn, nítorí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá rere kọ́ ohun tí ìwé kò lè kọ́ni. Etí rẹ̀ mọ ohùn ẹ́ńjìnì tó ń ṣàìsàn. Ó mọ̀ pé jíà kékeré ni a fi ń sọ̀kalẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹrù, nítorí bí a bá tẹ bíréèkì nìkan, yóò gbóná, kò sì ní mú mọ́. Ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀, àwọn kan á pa ajá fún Ògún, àwọn kan á pe àlùfáà, àwọn mìíràn á ṣe méjèèjì kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò lè kọ́ ọmọ, nítorí àwọn fúnra wọn kò ní i. Ìwé ni. Nígbà tí ọ̀nà kúrú, ojú àti etí tó. Nígbà tí ọ̀nà gùn kọjá ààlà, ìwé wọ inú iṣẹ́ náà. Ní oṣù karùn-ún 1982, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí àdéhùn ní Kútọnu níbí: ẹrù tó ń kọjá lọ sí ilẹ̀ mìíràn yóò ní ìwé TRIE, a ó sì fi èdìdì dè é. Awakọ̀ tí kò lè fi nọ́ńbà ara ìwé wé nọ́ńbà ara èdìdì kò mọ ohun tí òun ń gbé lọ bá aṣọ́bodè. Ní 2005, UEMOA ní kí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ má ju tọ́ọ̀nù 51 lọ, bí ó ti wù kí àwọn titan wa tóbi tó. Awakọ̀ ni wọ́n ń dá dúró níbi òṣùwọ̀n. Olówó ẹrù wà nílé rẹ̀.

Ní oṣù keje 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀, CEDEAO sì ti ààlà. Àwọn ọkọ̀ tò gígùn ní Malanville, ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀. Àlùbọ́sà jẹrà. Àwọn ọmọṣẹ́ sùn lábẹ́ ọkọ̀ bí àwọn ti 1950. Ní oṣù kejì 2024 CEDEAO mú ìjìyà náà kúrò, ṣùgbọ́n Nìjẹ̀ kò ṣí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ nígbà náà.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ọmọ tó dúró níwájú yín. Bí ẹ bá gbà fún un, ẹ bi ọ̀gá pé ọdún mélòó ni, kí ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlẹ́rìí sì wà. Ẹ bi í léèrè ta ni yóò san owó ìdánwò permis. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó mú permis tirẹ̀ wá, kí ẹ fi ojú ara yín kà á. Lẹ́tà B jẹ́ ti ọkọ̀ kékeré. C ni ti ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ju kílò 3.500 lọ. E ni ti ọkọ̀ tó ń fa òmíràn lẹ́yìn. Bí B nìkan bá wà níbẹ̀, tí títan rẹ̀ sì dúró ní ẹnu ọ̀nà yín, ẹ mú ọmọ yín padà wọlé.