Fọ́tò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yà

Ní ọdún 2003, Jon Oringer dá ọjà àwòrán Shutterstock sílẹ̀ ní New York. Nǹkan bí 30,000 fọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ yà ni ó kọ́kọ́ pàtẹ.

Ní 2022, àwòrán tí ẹ̀rọ AI fi ọ̀rọ̀ lásán yà wọ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Getty Images lé e jáde. Adobe Stock gbà á, bí olùtajà bá ti lè sọ pé ẹ̀rọ ni ó ṣe é. Àmọ́ ta ni yóò sọ fún òǹkàwé? Ní 2023, àwọn ojú-ewé ìròyìn kan lo àwòrán ogun Gaza tí ẹ̀rọ yà, láti orí àtẹ Adobe, láìsọ ohun tí ó jẹ́, bí ẹni pé ayàwòrán kan dúró níbẹ̀ tí ó rí èéfín náà.