Ọ̀kẹ́ Kan Kì í Pín sí Mẹ́ta

Bí ẹ bá wọ Ṣómólú lọ́sàn-án, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló máa kọ́kọ́ kí i yín. Àwa ọmọ Bàríga, ibẹ̀ la ti máa ń bá wọn ká bébà nígbà ọlidé. Lọ́jọ́ kan, àwa mẹ́ta parí iṣẹ́, wọ́n fún wa ní náírà 20,000 pé ká pín in. A pín in títí, 6,666 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, náírà 2 ṣẹ́ kù. Màmá tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọ̀kẹ́ kan lẹ gbé dání yẹn. Ọ̀kẹ́ kì í pín sí mẹ́ta. Ẹ wá ẹnì kẹrin kún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. Nọ́ńbà tó tóbi tó yẹn, kí ló dé tí kò gba mẹ́ta?

Owó ẹyọ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti kọ́kọ́ wá. Àwọn baba ńlá wa á sín 40 sí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá 10 á kún àpò kan, òun ni ọ̀kẹ́: 20,000. Ní 1887, míṣọ́nnárì kan, Adolphus Mann, kọ nípa bí wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n á ṣà á ní márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún mẹ́rin, ogún. Ogún márùn-ún, ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì, igba.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ̀kẹ́ wò. Ẹ dá a sí méjì: 10,000. Ẹ tún dá a: 5,000, 2,500, 1,250, 625. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún nìyẹn, kò gba méjì mọ́. Ẹ wá fi 5 pín 625: 125, 25, 5, 1. Ó tán. 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin ló wà nínú ọ̀kẹ́, kò sí nǹkan míì. 3 ò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ lè gba ọ̀nà okùn 40 wọ̀ ọ́, ẹ sì lè gba ọ̀nà igba, èyí kan náà lẹ máa bá. Carl Friedrich Gauss, ará Jámánì, fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1801 pé gbogbo nọ́ńbà rí bẹ́ẹ̀: bó ti wù kí o fọ́ ọ, ìdí kan ṣoṣo ló ní.

Nọ́ńbà mélòó ló wá lè pín ọ̀kẹ́ láìsí ìyókù? Ẹ lè mú 2 láti òdo dé márùn-ún, ọ̀nà 6 nìyẹn. 5 láti òdo dé mẹ́rin, ọ̀nà 5. 6 lọ́nà 5 jẹ́ 30. Àádọ́ta ọ̀kẹ́, tí à ń pè ní mílíọ̀nù, ní 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà. Nọ́ńbà 49 ló lè pín in.

Owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó rọ́pò owó ẹyọ yàtọ̀. Pọ́n-ùn kan jẹ́ pẹ́nì 240, 3 wà nínú rẹ̀, ẹni mẹ́ta á gba 80, 80. Ṣùgbọ́n ní January 1, 1973, náírà dé pẹ̀lú kọ́bọ̀ 100, 3 tún sá lọ.

Ohun tí a rí nìyí: ọwọ́ àwọn tó kà á ló ṣì wà nínú ọ̀kẹ́. Ìka márùn-ún, àti ìlọ́po méjì. Àwọn kan máa ń sọ pé ìkà Yorùbá le jù, kò sì wúlò mọ́. Síbẹ̀, ní Ṣómólú, bébà 20,000 jẹ́ ríìmù 40 géérégé, iye ẹyọ tó wà lórí okùn kan. Ojoojúmọ́ là ń ka ọ̀kẹ́, "twenty K" la kàn ń pè é.

Lọ́jọ́ yẹn, a pe ọmọ tó ń gbá àjẹkù bébà nílẹ̀. 5,000 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó dùn wá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́ ku nǹkan kan.