Ilẹ̀kùn Mélòó Ni Ẹnìkan Lè Ṣọ́?

Ẹ lọ dúró ní ráńdábáòtù Ìkòtún ní aago méje àárọ̀. Kọ̀ńdọ́ kan ń pe Òṣòdì, èkejì ń pe Ìyànà-Ìpájà, ẹ̀kẹta ní Cele lòun ń lọ, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín. Ìkòtún kan náà ni gbogbo wọn wà, àmọ́ ẹni tó ń lọ Ìjẹ̀gùn kò ní lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń pe Ìgàndó. Àdírẹ́sì kan, ẹnu ọ̀nà púpọ̀. Bí sáfà orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí nìyẹn. Àdírẹ́sì IP ni Ìkòtún, pọ́ọ̀tì sì ni ibi tí dánfó kọ̀ọ̀kan ti ń kó èrò. Nọ́ńbà pọ́ọ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó parí sí 65535.

Àwa mẹ́ta la jọ kọ irú sáfà bẹ́ẹ̀ nínú yàrá kan lẹ́yìn ọjà Ìkòtún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba ìròyìn lọ́dọ̀ àwọn tírákà tí wọ́n fi pamọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá àti dánfó, kí ẹni tó ni ọkọ̀ lè rí i lórí fóònù pé ibi báyìí ni ọkọ̀ òun wà. Oríṣi tírákà mẹ́ta ni àwọn oníbàárà wa ń rà, wọn ò sì gbọ́ èdè ara wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣí ẹnu ọ̀nà mẹ́ta: 5001, 5002 àti 5023. Àwa kọ́ la kọ́kọ́ ronú rẹ̀. A wò ó lára Traccar ni, ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí káàkiri ayé. Níbẹ̀, èdè tírákà kọ̀ọ̀kan ló ní pọ́ọ̀tì tirẹ̀.

Tírákà 130 ló wà lọ́wọ́ wa nígbà yẹn. A wá ṣètò thread 200 láti máa dá wọn lóhùn. Ẹ fi thread wé òṣìṣẹ́: ètò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni, àmọ́ ọwọ́ púpọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tírákà kan, òṣìṣẹ́ kan. 200 ṣáà ju 130 lọ, àbí? A ní ó ti tó. A lọ sùn.

Ní òru ọjọ́ kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Nígbà tó dé padà, gbogbo tírákà sáré wá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a ò rò ni pé tírákà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ lọ́wọ́ kì í ráyè dágbére. Sáfà wa kò mọ̀ pé àwọn àlejò àkọ́kọ́ ti lọ. Òṣìṣẹ́ 130 jókòó ti ìlà tó ti kú, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ tí kò ní dé mọ́. Òṣìṣẹ́ 70 ló kù fún àlejò 130 tó ń padà bọ̀. Ọgọ́ta tírákà wà níta, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa dá wọn lóhùn. Sáfà ò kú o. Kò kọ àṣìṣe kankan sílẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ní aago márùn-ún ìdájí, màmá kan láti Ẹ̀gbẹ́dá pè wá. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbà láti máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ wọn. Owó oṣù mẹ́rin ló kù kí wọ́n san tán.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Níbo ni kẹ̀kẹ́ mi wà?"

A ṣí máàpù. A ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó wà lẹ́nu géètì yín."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹnu géètì náà ni mo dúró sí yìí o."

A ò rí kẹ̀kẹ́ náà mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn la ti ń wá ibi tí àṣìṣe wa ti ṣẹ̀ wá. Ìtàn rẹ̀ ju ọjọ́ orí wa lọ.

Ní 1972, nígbà ayé ARPANET tó bí íntánẹ́ẹ̀tì, Jon Postel kọ ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní RFC 349. Ó dábàá pé kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí gbogbo èèyàn á fi mọ̀ ọ́n. Bàbá yìí ṣe alábòójútó irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí wọ́n fi kú ní 1998. Lóde òní, ímeèlì láti sáfà sí sáfà ń gba 25, wẹ́ẹ̀bù ń gba 80, wẹ́ẹ̀bù tó ní ààbò ń gba 443. Kò yàtọ̀ sí bí ọmọ Ìkòtún ṣe mọ ibi tó ti máa wọ ọkọ̀ Òṣòdì láìbi ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1983, ARPANET kó lọ sórí TCP/IP. Lọ́dún yẹn kan náà, yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà gbé 4.2BSD jáde, ibẹ̀ sì ni socket tí gbogbo wa ń lò títí dòní ti wá. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ sáfà nígbà náà ni pé bí àlejò bá dé, ètò náà á bí ọmọ. Ọmọ yẹn á dá àlejò lóhùn, tí àlejò bá lọ, iṣẹ́ ọmọ parí. Àmọ́ irinṣẹ́ mìíràn wà nínú ẹrù kan náà tó ń jẹ́ select. Pẹ̀lú rẹ̀, ètò kan ṣoṣo lè fi etí sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn, kó sì dìde kìkì nígbà tí ẹnìkan bá kàn án. Nígbà tí 4.3BSD dé ní 1986, inetd bá a dé: aṣọ́nà kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà púpọ̀, tí yóò pe onílé nígbà tí àlejò rẹ̀ bá dé. Kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́ta, wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ló dé tí a ò mọ̀? Ní 1995, wọ́n fi òfin POSIX gbé thread kalẹ̀ fún Unix. Java 1.0 dé ní 1996, ó mú kí thread rọrùn láti dá sílẹ̀. Àmọ́ Java ti ìgbà yẹn kò ní nǹkan tó dà bíi select. Àlejò kan, thread kan, ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń tọ̀, títí Java 1.4 fi mú Selector wá ní 2002. Nóòtì tí wọ́n fi kọ́ wa ní yunifásítì kò tíì gbọ́ pé 2002 ti dé. A kà á, a yege, a sì gbé e lọ sí Ìkòtún bẹ́ẹ̀.

Ní 1999, Dan Kegel bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé báwo ni sáfà kan ṣe máa gba àlejò 10,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Epoll wọ inú Linux ní 2002. Igor Sysoev, ọmọ Rọ́ṣíà, gbé nginx jáde ní 2004. Òṣìṣẹ́ díẹ̀, ilẹ̀kùn púpọ̀: èrò àtijọ́ kan náà ni.

Ọdún tó kàn wá jù lọ ni 1989. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, RFC 1122 jáde. Ó ní ẹ̀rọ lè máa béèrè lọ́wọ́ àlejò tó dákẹ́ pé "ṣé o ṣì wà?", àmọ́ kí ìbéèrè yẹn wà ní pípa títí ẹni tó kọ ètò fi máa tàn án, àti pé bí wọ́n bá tàn án láìyan àkókò mìíràn fún un, ó kéré tán kó tó wákàtí méjì kó tó béèrè. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí ìlà tó dáa já torí pé ọ̀nà dàrú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọn ò sì fẹ́ fi ìbéèrè tí kò nídìí dí ojú ọ̀nà. Lójú wọn, ẹni tó dákẹ́ kò tíì kú.

Níbí ńkọ́? GSM dé Nàìjíríà ní 2001. Okùn abẹ́ òkun SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, MainOne tẹ̀lé e ní 2010. Ètò ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó o ní Èkó. Ọ̀pọ̀ wa ló kọ́kọ́ rí íntánẹ́ẹ̀tì ní kafé, lórí ọ̀fánáìtì, kí fóònù tó gbà á lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Orí afẹ́fẹ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì wa ń gbà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Fún tírákà tó ń sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 30, wákàtí méjì kì í ṣe sùúrù mọ́. Láàárín wákàtí méjì, kẹ̀kẹ́ ti kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó ti kọjá Ṣàngó.

A tún sáfà náà kọ. Thread kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí. Mẹ́jọ ló ń ṣe iṣẹ́ inú ilé. Tírákà tó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, a ó já ìlà rẹ̀, máàpù á sì sọ òótọ́ fún onímọ́tò pé: "A ò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti aago báyìí." Gbólóhùn yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a tún ṣe. Ká ní ó wà lóru ọjọ́ yẹn, màmá ì bá mọ̀ pé a ò mọ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire: WACS, ACE, MainOne àti SAT-3. Iṣẹ́ báńkì dàrú ní Nàìjíríà, gbogbo èèyàn ń pariwo. Àwọn tírákà wa dákẹ́, wọ́n padà, wọ́n tún dákẹ́. Àwa mẹ́ta jókòó ti máàpù títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí wọ́n ṣe ń padà dé, ilẹ̀kùn ń ṣí fún wọn. Kò sí èyí tó kù síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kà kọjá nóòtì. Ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́, kí ẹ sì bi ara yín bóyá irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn.

Màmá san owó oṣù mẹ́rin yẹn pé lórí kẹ̀kẹ́ tí kò sí mọ́. Wọ́n ti ra òmíràn, tírákà wa ló sì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ dè é mọ́ ọn, wọn ò bi wá léèrè iye pọ́ọ̀tì tàbí thread. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, tí ẹ ò bá mọ ibi tó wà, ṣé ẹ máa sọ fún mi?" A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, a máa sọ."