Ohun tí kámẹ́rà ń fi hàn nípa ewu tó ń dojú kọ ẹyẹ idì nínú ìtẹ́ rẹ̀

Láti ọdún 1782 ni àwòrán idì olórí funfun ti wà lára òǹtẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ni òfin sọ ọ́ di ẹyẹ orílẹ̀-èdè náà. Ẹyin kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń yé lọ́dún. Takọtabo ló jọ ń sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 35, ọmọ yóò sì lò tó ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 nínú ìtẹ́ kó tó lè fò.

Láyé àtijọ́, àfi ẹni tó bá gun igi ló lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi ń gbé e jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń wò ó. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń rí ló ń dùn mọ́ wọn.

Òtútù àti ìjì

Ní àfonífojì Big Bear, ìpínlẹ̀ California, ni tọkọtaya idì tí wọ́n ń pè ní Shadow àti Jackie ń gbé. Lọ́dún 2023 àti 2024, kò sí ìkankan nínú ẹyin wọn tó di ọmọ. Nígbà tó di oṣù Kẹta, ọdún 2025, ọmọ mẹ́ta jáde, àmọ́ kò pẹ́ tí ọ̀kan fi kú nígbà tí ìjì yìnyín jà. Méjì tó kù ló dàgbà tí wọ́n sì fò.

Ní Minnesota, lóṣù Kẹrin, ọdún 2023, yìnyín wọ ẹ̀ka igi lọ́rùn títí tó fi ya. Ìtẹ́ tó wúwo ju 900 kílò lọ já lulẹ̀, ọmọ tó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Ewu tí kámẹ́rà kò rí

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní Norfolk, ìpínlẹ̀ Virginia, lóṣù Kẹrin, ọdún 2011, bàálù pa ìyá idì kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ kó wọn lọ sí ilé ìtọ́jú ẹranko, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé baba nìkan kò ní lè bọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yó. Ní Decorah, ìpínlẹ̀ Iowa, iná mànàmáná pa méjì nínú ọmọ mẹ́ta tó fò jáde lọ́dún 2012.

Òjé inú ọta ìbọn náà ń pa wọ́n. Bí ọdẹ bá kó ìfun àgbọ̀nrín sínú igbó, idì á jẹ ẹ́ tòun ti èérún òjé inú rẹ̀. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2022, lórí idì tó lé ní 1,200 ní ìpínlẹ̀ 38, fi hàn pé òjé ti kó jọ sínú egungun nǹkan bí ìdajì wọn. Lọ́dún 2022 yẹn kan náà ni àìsàn báàdì fúlúù tún pa ọ̀pọ̀ wọn.

Ṣé kí ènìyàn dá sí i?

Bí ọmọ idì bá ń kú lọ lójú kámẹ́rà, àwọn òǹwòran á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gòkè lọ gbà á là. Àwọn tó ń bójú tó kámẹ́rà kì í sábà gbà. Òfin dáàbò bo ìtẹ́ náà, ẹni tó bá sì gun igi lè lé òbí lọ, tàbí kó mú kí ọmọ tí kò tíì lè fò bẹ́ sílẹ̀.

Ìtàn fi hàn pé ìgbàlà tó tóbi jù kò ti orí igi wá. Oògùn apakòkòrò DDT wọ inú ẹja tí idì ń jẹ, èèpo ẹyin wọn wá fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń fọ́ mọ́ òbí lábẹ́. Lọ́dún 1963, 487 péré ni tọkọtaya tó ń pamọ ní ìpínlẹ̀ 48 tó so kọ́ra. Ìjọba fòfin de DDT lọ́dún 1972. Nígbà tó di 2007, wọ́n yọ idì kúrò nínú àwọn ẹranko tó fẹ́ run. Ìròyìn ọdún 2021 sì ka tọkọtaya tó lé ní 71,000.

Kò sẹ́ni tó lè dá yìnyín dúró. Ṣùgbọ́n ọdẹ lè fi ọta bàbà rọ́pò ti òjé, iléeṣẹ́ iná sì lè bo wáyà tó wà nítòsí ìtẹ́. Ọwọ́ ènìyàn ni ìyẹn wà.